Bí mo bá ti pọ́n fọ́tò báyìí ni hóró-hóró á bò ó: níbo ni mo ti ń ṣì í ṣe?

Kámẹ́ràKubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fọ́tò ìnáwó ìgbéyàwó kan wà lọ́wọ́ mi, inú gbọ̀ngàn ní Gwarinpa ni, lálẹ́. Kámẹ́rà APS-C ni, 24 megapixel, lẹ́ńsì 50mm f/1.8. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ni mo fi yà á: ISO 6400, 1/125, f/2.8. Fọ́kọ́ọ̀sì wà lójú ìyàwó dáadáa, àmọ́ fọ́tò náà rọ̀ díẹ̀, kò mú tó bí mo ṣe fẹ́.

Ohun tí mo ṣe lábẹ́ Sharpening, ìyẹn pípọ́n, nínú Lightroom Classic nìyí: Amount 110, Radius 1.8, Detail 80, Masking 0, mo sì fi Clarity +40 lé e. Gèlè àti aṣọ òkè jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó dà bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí lára, kóòtù dúdú ọkọ kún fún wínníwínní pupa àti àwọ̀ ewé, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí etí gèlè ká níbi tó ti kan ògiri dúdú ẹ̀yìn. Mo fa Luminance, ọ̀pá tó ń pa nọ́ìsì, dé 60 kí hóró-hóró yẹn (nọ́ìsì náà nìyẹn) lè kú, ni ojú bá di ojú bèbí onírọ́bà.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, ṣé pípa nọ́ìsì ni àbí pípọ́n? Nọ́ńbà wo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n máa fọ ọ̀kan nínú wọn sí ìnṣì 16 × 24 fún férémù ògiri, nítorí náà àṣìṣe kò ní ṣeé fi pamọ́. Ẹnì kejì tí a jọ ń yà fi JPEG lásán ya tirẹ̀, ISO kan náà. Èyí tó kẹ́yìn: fọ́tò Òkè Zuma kan wà tí wọ́n yà nínú ọyẹ́ láti apá Madalla, bí mo bá ti fọwọ́ kan Sharpening báyìí, gbogbo ojú sánmà rẹ̀ á di gaàrí.

BàbáPíkísẹ́lì

Àbúrò mi, o kú làálàá. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó o kọ yẹn, Masking 0 ló dá wàhálà sílẹ̀ jù, Detail 80 ló sì tì í lẹ́yìn.

Ohun tí pípọ́n ń ṣe kò ju èyí lọ: ó máa ń wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé, á mú kí ẹ̀gbẹ́ tó dúdú dúdú sí i, á mú kí ẹ̀gbẹ́ tó funfun funfun sí i. Irun ìpéǹpéjú lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ irú ibẹ̀ yẹn. Wínníwínní nọ́ìsì kan tó dúró ti èkejì rẹ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà kò mọ èwo ni irun, èwo ni ìdọ̀tí. Bó o bá ní kó pọ́n gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa pọ́n.

Nọ́ìsì fúnra rẹ̀, inú ìmọ́lẹ̀ ló ti ń wá. Ẹyọ ẹyọ, tí wọ́n ń pè ní photon, ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí sensor, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, bí òjò ṣe ń kán sínú abọ́. Gbé abọ́ méjì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iye ẹ̀kán omi tí wọ́n máa gbà kò ní dọ́gba. Píkísẹ́lì tó gba photon 10,000 máa ń fi nǹkan bí 100 yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn 1%. Èyí tó gba 100 péré máa ń fi 10 yẹ̀, ìyẹn 10%. Ìdí nìyẹn tí kóòtù ọkọ fi bàjẹ́ ju léèsì funfun lọ nínú fọ́tò kan náà. Àwọn kan máa ń bú ISO. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló yẹ kí wọ́n bú. Bó o bá ya irú fọ́tò yìí ní ISO 1600 kó ṣókùnkùn, tó o wá fa Exposure sókè nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ìsì yẹn ò ní lọ síbì kankan, nínú kámẹ́rà míì gan-an ló máa pọ̀ sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀pá Sharpening mẹ́rin tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì Detail (ọ̀kan nínú wọn náà ń jẹ́ Detail). Kọ́kọ́ sún fọ́tò dé 100%. Bí o bá ń wò ó ní Fit, irọ́ ló ń pa fún ọ.

Amount máa ń lọ láti 0 dé 150. Fún RAW, 40 ni Lightroom fúnra rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Radius, 0.5 dé 3.0, ni bí ìlà dúdú àti funfun yẹn ṣe máa fẹ̀ tó. 1.8 ló bí ìlà funfun etí gèlè yẹn. Fún 24 megapixel tí fọ́kọ́ọ̀sì rẹ̀ dáa, 0.8 sí 1.0 ti tó. Detail ni àwọn èèyàn kì í yé. Bó bá wà nísàlẹ̀, àwọn etí ńláńlá nìkan ni yóò dojú kọ, á sì máa tẹ ìlà funfun mọ́lẹ̀. Bó bá ti ń gòkè sí 100, gbogbo ohun kékeré pátá ni yóò máa gbé dìde, nọ́ìsì sì ni ohun tó kéré jù nínú fọ́tò. Ní ISO 6400, má jẹ́ kó kọjá 15. Ní ISO 100, fọ́tò òkúta tàbí ilé, o lè gbé e dé 40, kò ní ṣe nǹkan kan.

Masking ló wá ṣe pàtàkì jù. Tẹ Alt mọ́lẹ̀ (Option ni lórí Mac) bó o ṣe ń fà á. Ojú fọ́tò á di dúdú àti funfun: ibi funfun ni yóò pọ́n, ibi dúdú ni yóò fi sílẹ̀. Máa fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, kóòtù àti ògiri ẹ̀yìn á fi dúdú pátápátá, tí ojú, ètè, etí gèlè àti ọnà aṣọ òkè á ṣẹ́kù ní funfun. Lórí irú fọ́tò tìrẹ yìí, láàárín 70 sí 85 ló sábà máa ń wà. Má fi nọ́ńbà tèmi ṣe òfin o, ojú rẹ ni kó o fi mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: Color 25, bó ṣe bá a, bí wínníwínní pupa àti àwọ̀ ewé bá ṣì kù lára kóòtù, gbé e dé 40. Nọ́ìsì aláwọ̀ ló ń ríni lára jù, pípa á kì í sì í ba fọ́tò jẹ́ tó Luminance. Luminance 25. Lẹ́yìn náà Amount 45, Radius 0.9, Detail 12, Masking 78. Dá Clarity padà sí 0. Clarity kì í ṣe ohun èlò pípọ́n, ó ń ti ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àárín ni, ó sì ń jí nọ́ìsì ojú dìde. Bó o bá fẹ́ kí aṣọ òkè jáde, fi Texture +20 kùn ún pẹ̀lú Brush, kí ojú èèyàn má sí níbẹ̀.

Bí Lightroom rẹ bá jẹ́ 12.3 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, bọ́tìnnì Denoise, tó ń pa nọ́ìsì fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún 2023. Ó ju Luminance lọ fíìfíì. Ó máa bẹ̀rẹ̀ ní 50. Fún ojú èèyàn, 35 sí 45 ni mo fara mọ́. Bó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, o lè gbé Amount dé 55, kó o sì dá Masking padà sí 50, torí nọ́ìsì tí à ń sá fún ti lọ. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà rẹ ò bá ní káàdì GPU tó lágbára, fọ́tò kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀, kí ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ yáa yan fọ́tò mẹ́wàá tó kà sí kó tó tẹ̀ ẹ́.

ÀǹtíLéyà

Bàbá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn, ìyẹn èwo ló yẹ kó ṣáájú. Nínú Lightroom, bí o bá fa Sharpening ṣáájú, tàbí Luminance ṣáájú, kò yí àbájáde padà. Sọ́fítíwíà ní ètò tirẹ̀ tó fi ń ṣe é, kò sì bìkítà nípa èyí tó o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ojú tìrẹ ni ètò náà wà fún. Bí nọ́ìsì bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó ò ń wo Amount, o ò ní mọ èyí tó o pọ́n. Denoise nìkan ló yàtọ̀: ṣe é kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu nǹkan tàbí fa Mask (ìbòjú tó ń yan ibi tí àtúnṣe máa kàn), torí ohun tó wà lábẹ́ wọn máa yí padà.

Nínú Photoshop, ètò ló ni gbogbo ẹ̀. Bó o bá pọ́n kó o tó pa nọ́ìsì, nọ́ìsì ti le koko, ohun tó máa pa á á pa ìpéǹpéjú mọ́ ọn.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ JPEG ẹnì kejì rẹ. Kámẹ́rà ti pa nọ́ìsì rẹ̀, ó ti pọ́n ọn, ó sì ti gé e sí ìdìpọ̀ píkísẹ́lì 8 × 8 kó tó fi pamọ́. Bó o bá tún pọ́n ọn bíi RAW, ààlà ìdìpọ̀ wọ̀nyẹn ló máa kọ́kọ́ yọjú, pàápàá lára ògiri àti lábẹ́ àgbọ̀n. Lightroom pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Amount fi máa ń jẹ́ 0 bó o bá ṣí JPEG. Gbé e lọ sí Photoshop báyìí:

Ctrl+J kí léyà kejì jáde. Filter, Noise, Reduce Noise: Strength 5, Preserve Details 40%, Reduce Color Noise 50%, kó o sì tẹ Remove JPEG Artifact. Wo Sharpen Details tó wà nísàlẹ̀ dáadáa. Photoshop máa ń fi nǹkan sí i fúnra rẹ̀. Dá a padà sí 0%. Ọ̀pọ̀ ló ń pa nọ́ìsì pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì pọ́n ọn nínú fèrèsé kan náà, tí wọn ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, Ctrl+Alt+Shift+E kí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ sórí léyà tuntun. Lọ sí Channels, wo Red, Green, Blue lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ iná gbọ̀ngàn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Blue ló máa ń dọ̀tí jù. Red ló sábà máa ń mọ́ jù lára àwọ̀ ara wa. Ṣe ẹ̀dà Red. Lórí ẹ̀dà yẹn, Gaussian Blur 1.5, kí nọ́ìsì má bàa di etí. Filter, Stylize, Find Edges. Ctrl+I láti yí i padà. Ctrl+L, fa dúdú wá sí nǹkan bí 45, funfun sí 150, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi dúdú. Gaussian Blur 2, kí etí Mask náà má gé ṣákáṣáká. Tẹ Ctrl mọ́lẹ̀ kó o tẹ channel náà, padà sórí léyà, tẹ Add Mask.

Wá tẹ àwòrán léyà náà, kì í ṣe Mask tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (àṣìṣe yìí wọ́pọ̀), kó o ṣí Unsharp Mask: Amount 120%, Radius 0.8, Threshold 4. Threshold ni ẹnubodè: ìyàtọ̀ tí kò bá tó 4 nínú 255 kò ní wọlé. Nọ́ìsì JPEG tí kámẹ́rà ti fọ̀ sábà máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá gbé e kọjá 10, ojú á máa pín sí abala tó mú àti abala tó rọ̀, bí ògiri tí wọ́n kùn ní àkùnsílẹ̀. Sọ Blend Mode di Luminosity, kí ó má pọ́n àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kó pọ́n. Bí kóòtù dúdú bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, tẹ léyà náà lẹ́ẹ̀mejì, wá Blend If, ní This Layer tẹ Alt kó o pín atọ́ka dúdú sí méjì: 40 àti 80. Ohunkóhun tó bá ṣókùnkùn ju 40 lọ kò ní gba pípọ́n rárá, láàárín 40 sí 80 yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń fi High Pass pẹ̀lú Overlay ṣe gbogbo iṣẹ́: Unsharp Mask tó wọ aṣọ mìíràn ni. Láìsí Mask, nọ́ìsì kan náà lẹ máa bá pàdé.

Kámẹ́ràKubwa

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá àti Àǹtí. Mo ti fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn sí i. Ìlà funfun etí gèlè lọ, kóòtù mọ́. Masking dúró sí 80. Ohun tó kù: ojú ìyàwó, ìyẹn ẹyinjú gan-an, ṣì rọ̀ díẹ̀. Mo fi Brush kùn ún, Sharpness +60, kò fẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Kí ló fà á? Ẹnì kejì mi kò sì ní Lightroom, kò fẹ́ máa sanwó oṣooṣù. Kí ló lè lò?

BàbáPíkísẹ́lì

Sharpness inú Brush kò dá dúró. Ó ń bu kún Amount ni, ṣùgbọ́n Radius, Detail àti Masking ti gbogbo fọ́tò ló ń lò. Bí Masking 80 bá ti bo ibi kan dúdú, o lè fi Sharpness +100 kùn ún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tẹ Alt, wo ẹyinjú: bó bá dúdú, dá Masking padà sí 65. Nọ́ìsì tó bá tún yọjú lẹ́rẹ̀kẹ́, Select People, Facial Skin, Sharpness −40, Noise +20. Mọ èyí nípa Sharpness tó wà nísàlẹ̀ 0: títí dé −50, ó ń yọ pípọ́n kúrò ni, tó bá kọjá −50, ó ti ń mú kí ibẹ̀ ṣe bàìbàì nìyẹn.

Fún ẹyinjú, +25 tó. Sáré wo fọ́tò náà ní 200% kó o mọ̀ bóyá ó rọ̀ ni tàbí ó mì. Bí iná tó tàn nínú ẹyinjú bá fà gùn bí ìlà dípò kó jẹ́ tótó, ìyàwó ti mirí nígbà tí 1/125 ń ṣí. Kò sí Sharpening tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹni tó bá ń jó, 1/250 ni kó o bẹ̀rẹ̀ sí, kódà bí ISO bá gòkè. Nọ́ìsì ṣeé pa, mímì kò ṣeé pa.

Ọ̀fẹ́NiZaria

Fún ẹni tí kò fẹ́ sanwó: bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya RAW, RawTherapee ni kó mú. Láti 5.8, tó jáde ní 2020, Capture Sharpening wà nínú táàbù Raw. Ó ń ṣiṣẹ́ láti inú ohun tí sensor gbà tààrà, kí àwọn ohun èlò tó kù tó fọwọ́ kàn án. Ó máa ń ṣírò Radius fúnra rẹ̀, ó máa ń ṣírò Contrast Threshold náà, ibi tí kò bá ní etí tó dájú ni Threshold yẹn ń dáàbò bò. Bí ó bá ṣì ń pọ́n nọ́ìsì, pa Auto ti Threshold, kó o gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Noise Reduction wà nínú táàbù Detail. Tẹ bọ́tìnnì 1:1 o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa dà bí ẹni pé àwọn ohun èlò yẹn kò ṣiṣẹ́.

darktable náà dáa. denoise (profiled) mọ bí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dọ̀tí ní ISO kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun púpọ̀ láti fà. Fún pípọ́n, diffuse or sharpen ti wà láti 3.8, má fọwọ́ kan àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mú lens deblur: soft nínú àwọn ètò tó ti wà níbẹ̀. Ó ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà gan-an.

JPEG tó wà nílẹ̀: GIMP, Filters, Enhance, Sharpen. Radius 1.0, Amount 0.5. Threshold rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 1, kì í ṣe 255, nítorí náà 4 tí Àǹtí sọ máa súnmọ́ 0.016. Àwọn kan á rí 4 kà, wọ́n á fa ọ̀pá náà dé òpin, wọ́n á ní GIMP kò ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú Details ti Snapseed kó fi Structure sílẹ̀ sí 0, kó lo Sharpening 15 sí 20. Structure ló ń gbé iyanrìn dìde.

AfọFọ́tò_Utako

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí 16 × 24. 24 megapixel ní ìlà 3:2 jẹ́ píkísẹ́lì 6000 × 4000. Pín 6000 sí 24, 250 ni; pín 4000 sí 16, 250 náà ni. Kò sí ohun tí a máa gé, kò sí ohun tí a máa fẹ̀. 250 ppi (iye píkísẹ́lì nínú ìnṣì kan) tó fún férémù ògiri, ó tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gé fọ́tò náà débi pé 3000 × 2000 ló kù, 125 ppi ni, nọ́ìsì kọ̀ọ̀kan á sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ní gígùn àti ní ìbú. Irú ìyẹn, sọ fún oníbàárà kó gba 8 × 12.

Lórí bẹ́bà, ẹyọ píkísẹ́lì kan ní 250 ppi jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Èèyàn tó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kò lè rí i. Nítorí náà mi ò fara mọ́ Denoise 45 tí Bàbá sọ, fún iṣẹ́ férémù 30 tó. Ojú tó mọ́ jù máa ń jáde bí ṣíṣu lórí bẹ́bà, oníbàárà á sì ní ẹ ti fi fílítà pa òun lójú dà. Hóró-hóró díẹ̀ tó dọ́gba lórí gbogbo fọ́tò kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó ń pani lára ni hóró-hóró tí wọ́n ti pọ́n.

Pípọ́n ìkẹyìn wà fún bẹ́bà, lẹ́yìn tí ìwọ̀n bá ti dúró. Nínú Export, tẹ Sharpen For: Matte Paper bí bẹ́bà bá jẹ́ matte, Glossy bó bá ń dán, Amount Standard. Matte ń fa yíǹkì mu, yíǹkì á tàn díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ pípọ́n tó pọ̀ ju ti glossy lọ. Bí fáìlì tó o fi ránṣẹ́ bá mú jù díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, má bẹ̀rù. Fún fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì, Screen, Low.

Béèrè lọ́wọ́ lábù bóyá ẹ̀rọ wọn ń pọ́n fọ́tò fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní kí wọ́n pa á, tàbí kí ìwọ yọ ti Export kúrò. Pípọ́n lẹ́ẹ̀mejì ló ń sọ ìpéǹpéjú di okùn wáyà. Kó o tó sanwó ńlá, gé 1500 × 1000 píkísẹ́lì jáde láti ojú ìyàwó àti etí gèlè, láìyí ìwọ̀n rẹ̀ padà, kí wọ́n fọ ọ́ sí 4 × 6. 250 ppi kan náà ni, ohun tó o bá rí níbẹ̀ lo máa rí lórí ògiri. Má fi fáìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò, yóò dín in kù, yóò sì fún un pọ̀. Fi ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kó o gbé flash wá.

ỌyẹJos

Òkè Zuma ló kù. Eruku ọyẹ́ tó wà láàárín kámẹ́rà àti òkúta kì í ṣe bàìbàì lẹ́ńsì. Ó ti gba ìyàtọ̀ dúdú àti funfun mọ́ òkúta lọ́wọ́, kò sì sí etí tí Sharpening máa rí dì mú, àyàfi nọ́ìsì sánmà. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ dá padà. Ṣùgbọ́n má fa Dehaze, ọ̀pá tó ń ká kùrukùru kúrò, lórí gbogbo fọ́tò. Ó ń na ohun tó wà nínú sánmà náà, nọ́ìsì á sì nà pẹ̀lú rẹ̀. Select Sky, Invert, kí òkúta àti ilẹ̀ nìkan wà nínú Mask, lẹ́yìn náà Dehaze +25, Texture +15. Mask kejì, Select Sky: Sharpness −50, Noise +40. Sánmà ọyẹ́ kò ní ohunkóhun tó yẹ kó mú níbẹ̀. Ti gbogbo fọ́tò: Amount 60, Radius 1.2, Detail 30, Masking 60.

Yẹ etí òkúta wò níbi tó ti kan sánmà. Mask tó gé ṣáká á fi ìlà kan sílẹ̀ níbẹ̀, kó o fi Brush tí Feather rẹ̀ jẹ́ 80 nù ún.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un yà, òwúrọ̀ kùtù ni, kí oòrùn tó gbóná. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ orí títì ń mì jìgìjìgì, kò sí lẹ́ńsì tó lè borí ẹ̀. f/8 ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lò f/22. Lórí APS-C, ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, gbogbo fọ́tò á rọ̀, ẹ̀ẹ́ sì tún fẹ́ fi Sharpening san gbèsè rẹ̀. ISO 100 lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì lójú títì nínú eruku, wínníwínní dúdú tó máa wọ sensor, pípọ́n á kàn mú kó hàn sí i ni.

Kámẹ́ràKubwa

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Masking 65, ẹyinjú ti jáde. Àyẹ̀wò 4 × 6 ti dé láti lábù: ojú dáa, kóòtù dáa, ṣùgbọ́n mo tún ń rí ìlà funfun yẹn fírífírí létí gèlè, kò sì sí lójú kọ̀ǹpútà.

AfọFọ́tò_Utako

Ti Export nìyẹn, tàbí ti ẹ̀rọ wọn. Gbé Export sí Low, kí wọ́n fọ àyẹ̀wò kan sí i. Bó bá ṣì wà, ẹ̀rọ ni: yọ Sharpen For kúrò pátápátá, dá Radius padà sí 0.8, kó o sì fi Brush tẹ Sharpness −30 sí etí gèlè níbi tó ti kan ògiri nìkan, kí ọnà inú gèlè má bàa rọ̀.